Ọwọ́ Òsì Ìyá Oníkéèkì

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Ìyá Oníkéèkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu: "Rárá." Bí ebi bá ń pa wọ́n, rárá ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan bá àwọn ṣí fèrèsé, rárá náà ni. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ wá kí wọn, tó ní, "Ṣé ara ti ń le díẹ̀díẹ̀?" wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Rárá, rárá," ni àlejò bá bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn láti rí i ni wọ́n ń wí o!

Ìyàwó ọmọ wọn ló wá di ògbufọ̀ fún wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Níbi iṣẹ́, Màdáàmù Bírékì ni wọ́n ń pè é, nítorí ó mọ bírékì í tẹ̀ débi pé arúgbó tó wà lórí ìdúró nínú ọkọ̀ kò ní ṣubú lé ẹnikẹ́ni. Nílé, Ìyàwó lásán ni gbogbo wọn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí.

Kí àìsàn yìí tó dé, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jà, wọn kì í sì í jọ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kéèkì ni Ìyá fi tọ́ ọmọ wọn kan ṣoṣo dàgbà, pàápàá ohun kan tí àwọn oníbàárà wọn ń pè ní pẹlẹbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun àti bọ́tà tó ń rún wómúwómú lẹ́nu. Orí rẹ̀ jẹ́ èso tí wọ́n ti fi ṣúgà sè títí tó fi ki. Lọ́dún tí Ìyàwó wọlé ọkọ, ó yan kéèkì kan láti fi yẹ́ wọn sí. Ìyá gé díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi aṣọ nu ẹnu, wọ́n ní, "Ó gbìyànjú." Kò bínú lójú wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Búrẹ́dì ló ń rà.

Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ló bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àrùn náà dé. Nígbà tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn, ó kó wọn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣe àga onítìmùtìmù fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gbé ṣíbí. Gbogbo nǹkan ni yóò máa ṣe fún wọn. Ìfẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ń rù. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ń dín kù, ojú wọn sì máa ń wà lójú títì látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyàwó bu ìrẹsì fún wọn sínú abọ́ oníke onígun mẹ́rin tó fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, torí àwọn abọ́ yòókù kò tíì di fífọ̀. Ìyá fi ọwọ́ òsì fa abọ́ náà mọ́ra. Wọ́n kò jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ ìrẹsì náà mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oúnjẹ ṣeré," ni Ìyàwó wí, inú sì ń bí i díẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bó ṣe fẹ́ gba abọ́ náà, ó rí ohun tí wọ́n ṣe. Ìrẹsì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dọ́gba kárí. Wọ́n ti fi àtàǹpàkò tì í wọ gbogbo igun, wọ́n sì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga díẹ̀ yíká bí ògiri kékeré. Eré kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ra ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ọ̀pẹ̀yìnbó méjì tó pọ́n dáadáa, ó wá kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Màmá, ẹ wá kọ́ mi ní pẹlẹbẹ."

Ìyá wò ó. Wọ́n tún wo ilẹ̀kùn.

"Kò sí nílé," ni Ìyàwó wí. "Ó lọ kan ilẹ̀kùn fún àwọn kan. Ó máa tó ìrọ̀lẹ́ kó tó dé."

"Rárá," ni Ìyá dáhùn, wọ́n sì na ọwọ́ òsì sí i pé kó fa àwọn dìde.

Ó gbé wọn jókòó sí ìdí tábìlì ìdáná. Tábìlì náà ga jù fún ẹni tó jókòó, ó kan wọn láyà, ṣùgbọ́n wọn kò ráhùn. Ìyàwó gbé bọ́tà ka iná láti yọ́ ọ.

"Rárá!"

Èyí kò nílò ògbufọ̀. Ó pa iná. Ìyá nàka sí fíríìjì, ó sì mú bọ́tà mìíràn jáde níbẹ̀, èyí tó tutù tó sì le bí ọṣẹ. Wọ́n jẹ́ kó gé e wẹ́wẹ́ sínú ìyẹ̀fun àti ṣúgà, wọ́n wá ki ọwọ́ òsì bọ inú abọ́, wọ́n ń fi ìka rún un fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́. Ìyàwó náà kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra bí àtè. Ìyá gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n sì tì í síhà ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná jù ni! Ó dúró níbẹ̀ tí omi tútù ń ṣàn lé e lọ́wọ́, ẹ̀rín sì ń pa á. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun gbóná.

Wọ́n gbé abọ́ náà sínú fíríìjì kó lè sinmi, wọ́n wá se ọ̀pẹ̀yìnbó. Bí Ìyàwó bá ti fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, "Rárá." Ó ń fi ṣíbí rò ó títí ṣíbí náà fi ń la ọ̀nà nínú rẹ̀, tí ọ̀nà náà kò sì tètè pa dé.

Nígbà tó kan títẹ́ ìyẹ̀fun sínú páànù, páànù ń yọ̀ kiri lórí tábìlì. Kí Ìyàwó tó lè dì í mú, Ìyá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn láti orí itan, bí ẹni tó ń gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì gbé e lé etí páànù. Páànù dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìyẹ̀fun náà. Ìyàwó ní láti yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ìyá yìí ni, àwọn méjèèjì kò ní lè jọ dúró nínú ilé ìdáná yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni òun gbọ́, òun sì gbé e sọ́kàn fún ogún ọdún. Kò tilẹ̀ wo ojú wọn lọ́jọ́ kéèkì náà. Bóyá ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. Bóyá kò rẹ́rìn-ín. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ mọ́.

Ìyẹ̀fun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ yan, títí etí rẹ̀ fi pupa díẹ̀, wọ́n wá da èso lé e, wọ́n sì tún dá a padà sínú ààrò. Ìyá fẹ́ fojú ara wọn wò ó. Ìyàwó fọwọ́ gbá wọn mú níbàdí, wọ́n dìde dúró níwájú ààrò, orí wọn sún mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá wọn. Ìṣó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi tètè dé.

"Ta ló ní kí Màmá dìde?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Àwọn tí wọn ò lè sọ̀rọ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jó ni?"

"Mo dì wọ́n mú. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi rèé."

"Ìwọ kọ́ lo bá wọn nílẹ̀!" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Èmi ni. Níwájú ààrò bí èyí gan-an. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n ti kú. Mi ò lè bá wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá rọra yí padà, wọ́n gbé ọwọ́ òsì tí ìyẹ̀fun kún lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọn. "Rárá," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọlẹ̀ gan-an.

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. "Kí ni wọ́n ní?"

"Èyí jẹ́ tiyín," ni Ìyàwó dáhùn. "Èmi ò lè túmọ̀ rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ fa àga kan, ó jókòó, ó bo ojú. Kò pẹ́ tí òórùn bọ́tà àti ọ̀pẹ̀yìnbó fi gba gbogbo ilé. Nígbà tí páànù jáde, ó mú ọ̀bẹ láti gé e lójú ẹsẹ̀, Ìyá sì gbá a lọ́wọ́ pàá. "Rárá!" Ó gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó gé e. Àgbà káfíńtà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ bí ọmọdé, Ìyàwó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan jó díẹ̀, nítorí ààrò wọn kì í mú dọ́gba. Ìyá jẹ ègé méjì lára ibi tí kò jó, wọ́n sì lá ìka wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ kó ayùn wọ ilé ìdáná, ó gé ẹsẹ̀ tábìlì náà kúrú. Ọ̀rọ̀ kò padà sí Ìyá lẹ́nu o. Àwọn dókítà tilẹ̀ ti sọ pé ó lè má padà. Ṣùgbọ́n ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kún, torí lọ́jọ́ ìsinmi Ìyàwó, ilé ìdáná ni àwọn méjèèjì máa ń wà, kì í sì í sí ẹni tó ń wo ojú títì mọ́ nínú ilé náà.

Ìyàwó gbé díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Awakọ̀ kan bu ún jẹ, ó la ojú. "Màdáàmù Bírékì, ibo lo ti rà á?"

"Èmi àti ìyá ọkọ mi la ṣe é."

"Àwọn tí o ní ẹ̀yin méjèèjì kì í bára yín sọ̀rọ̀?"

"A ò kúkú bára wa sọ̀rọ̀," ni ó dáhùn, ó nu èérún kúrò létè, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.