Gáùn Ìyàwó Káfíńtà

Gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò náà ni ọmọ ń sunkún nínú rẹ̀, àfi ti Káfíńtà. Onílé rẹ̀ kì í gba àpọ́n. Ni Káfíńtà bá purọ́ fún un pé ìyàwó òun rìnrìn àjò. Kí irọ́ náà má baà ṣubú, ó ra gáùn kan, a sì máa sá a sórí okùn ní gbogbo Sátidé.

Àṣé ó ń dẹ tàkúté fún ara rẹ̀ ni. Olùkọ́, opó tí ó múlé tì í, wọ̀ ọ́ lọ́kàn; obìnrin náà sì ti búra pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni du ọkọ láéláé.

Bí òjò bá ṣú ní àdúgbò náà, ẹni tí ó bá wà nílé ní í ká aṣọ tirẹ̀ àti ti aládùúgbò. Ní Sátidé kan tí òjò ṣú, Káfíńtà ti ìsọ̀ dé, ó bá Olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Aṣọ ìyàwó yín rèé."

"Ẹ ṣeun, mà. Gáùn tó fẹ́ràn jù nìyẹn."

"Tòun ti páálí iye owó ilé ìtajà tó ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn?"

Ilẹ̀ ìbá lanu, Káfíńtà ìbá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Kò síyàwó, mà," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀. "Kò tiẹ̀ sí rí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èmi sì rò pé aláya kan tí kò nítìjú ló ń yọjú wò mí lójú fèrèsé!"

"Èmi? Ìtìjú nìkan ló kù tí mo ní nílé!"

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ jẹ́wọ́ fún onílé ná."

"Bí wọ́n bá lé mi jáde ńkọ́?"

"Kí wọ́n lé olóòótọ́ jáde sàn ju kí èmi gba òpùrọ́ wọlé."

Bí Káfíńtà ti jẹ́wọ́ tán, onílé fò dìde lórí àga. "Àpọ́n! Nínú ilé mi!"

Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ilé ìdáná: "Ẹ jókòó jàre, Bàbá! Obìnrin wo ní í wọ gáùn kan ṣoṣo láti ọdún èṣí? Gbogbo wa la mọ̀, àánú rẹ̀ ló ń ṣe wá!"

Káfíńtà súnkì bí aṣọ tí a fi omi gbígbóná fọ̀.

"Wá ìyàwó," ni onílé ké, "tàbí kí o wá ilé!"

Ó jáde, gáùn ń bẹ lábíyá rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń yọjú. Ó kan ilẹ̀kùn Olùkọ́.

"Ta ni yẹn?"

Ó wúkọ́, ó sì fi ohùn tí gbogbo fèrèsé gbọ́ dáhùn pé:

"Àpọ́n ni, mà."

Ilẹ̀kùn ṣí.