Ẹsẹ̀ Ìyá Àjíṣafẹ́

Ká sòótọ́, Abdulganiyy mẹkáníìkì, tí wọ́n ń pè ní Gani, mọ iṣẹ́. Ní gbogbo Akowonjo, bí ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ bá ń ṣòjòjò, ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Ó fẹ́ràn kí èèyàn rọ̀gbà yí i ká nígbà tó bá ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tí Ìyá Àjíṣafẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìjàpá tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ wá. Ẹ́ńjìnnì ń ké tantan, ọkọ̀ ò lọ. Bó bá ti kan òkè báyìí, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Gani wà á lọ, ó wà á bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá gbóhùn sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ kì í gbé e kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wá jó o tán. Àgbà ti dé, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wà yín kiri jàre."

Táyéwò tó ń lẹ táyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Olúwadọ̀tun, ọmọ Ìyá, wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi í lé Gani lọ́wọ́. Ó ní bí wọ́n bá ti tún ọkọ̀ náà ṣe, àwọn á tà á, ìyá òun ò ní wakọ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Gani sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó jó, ó sì tò ó padà. Ó gbé e jáde, àfi bí kílọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe tún ń yọ̀. Ìyá ò tíì fẹsẹ̀ kan èyí rárá. Ó fọwọ́ tẹ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ kó tó le, àmọ́ látòkè ni èyí ti le. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ti fún pinpin, kò jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì dì mú, ohun tó jó ti àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Ta ló fún un? Òun náà ni. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá ní jíà ń dún, ló bá fún wáyà dópin, torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn kí kílọ́ọ̀ṣì máa mú lókè.

Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀, síbẹ̀ ojú ń tì í láti jáde. Ó lè dẹ wáyà, kó nu ọwọ́ nù, kó ní iṣẹ́ parí. Ọkọ̀ á máa lọ, ẹ̀bi á wà lọ́rùn ìyá arúgbó. Ká má parọ́, ó rò ó bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ó dẹ wáyà. Lẹ́yìn ìrun, ó lọ sílé ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀.

"Màmá, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ yín kọ́."

Ìyá bi í pé, "Ṣé ibí lo ti sọ ọ́ níjọ́sí?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Máa lọ sílé."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Gani ránṣẹ́ pe ìyá àti ọmọ wá sí ìsọ̀, ó sì sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn, látorí wáyà dórí yẹ̀yẹ́ tó fi ìyá ṣe. Táyéwò ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ń wolẹ̀, ìyẹn ló sì dun Gani jù. Olúwadọ̀tun gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gani, ó sì fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá jókòó síbi ìwakọ̀, ó ní kí Gani wọlé, káwọn jọ dán an wò. Wọ́n forí lé ibùdókọ̀ Pleasure. Ìjàpá ń gun òkè láìké, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́, Gani wá rò pé ìtìjú náà ti tán nìyẹn. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí jíà kẹta, ìyá bojú wolẹ̀.

"Gani, ṣé ẹsẹ̀ mi ò sí lórí ẹ̀?"

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jìnnà sí pẹ́dà.

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Ṣó dá ẹ lójú ṣá?"

Kí wọ́n tó dé Pleasure, ìyá tún bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ẹsẹ̀ òun ò sí níbẹ̀.