Dúrọ́ọ̀pù Hameedat

Ẹ̀rù ọ́fíìsì máa ń ba Wosilat. Ní Deira, ní Dubai, níbi tó ti ń mú àwọn oníṣòwò Èkó kiri ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àmọ́ gbé e síwájú ẹni tó mú bírò dání, ó ti di adìẹ tí òjò pa nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀, Hameedat, fẹ́ di dókítà. Kó tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kẹ́mísìrì ní ilé ìwé kan ní Muwaileh, ní Sharjah. Lọ́dún 1998, ó ní ìgbà ooru lòun máa ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré.

"Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ fi oṣù mẹ́rin kọ́?" Wosilat figbe ta. "L'Ékòó, ọmọ tó bá fèlì la máa ń fi sí lẹ́sìnnì nígbà họlidé. Táwọn dókítà bá rí i, wọn ò ní sọ pé olódo ni ẹ́?"

"Mọ́mì, tí mi ò bá ṣe é báyìí, ọdún kan gbáko ni mo máa pàdánù."

Ẹ̀gbọ́n Sàká, tó ń bá àwọn oníṣòwò náà kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, dá sí i. "Wosilat, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Òun fẹ́ wọ bààlúù. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àwo tí ẹ fi bààlúù gbé lóṣù tó kọjá ńkọ́? Kò sí èyí tí kò fọ́!"

Sàká wúkọ́. "Khalas, ó tó," ó ní, "fi ọ̀rọ̀ àwo sílẹ̀."

Hameedat bẹ̀rẹ̀. Oòrùn oṣù Keje kì í ṣe eré. Táksí elérò á já a sílẹ̀ ní títì, á wá fẹsẹ̀ rin ìyókù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Wosilat ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Hameedat ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé, "Wẹ́sìdeè ni dúrọ́ọ̀pù máa parí."

Dúrọ́ọ̀pù! Ta ni kò mọ̀ ọ́n l'Ékòó? Kéèyàn dá gba táksí, kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àṣé ilé ìwé ń ṣe é, ọmọ òun wá ń yan nínú oòrùn!

Ní Wẹ́sìdeè, ó mọ́kàn le, ó lọ bá obìnrin ará Íńdíà tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé náà.

"Madam, my daughter Hameedat. She want drop."

"Drop? Are you sure?"

"Sure! Every day she is suffering!"

Hameedat ò tíì pé ọdún méjìdínlógún, nítorí náà ìyá lè buwọ́ lùwé fún un. Wosilat buwọ́ lù ú, ó fi shukran dúpẹ́, ó wá lọ dúró sẹ́nu géètì kó lè rí àwọ̀ táksí náà.

Hameedat ló rí, tó ń sáré bọ̀.

"Mọ́mì! Wọ́n ní ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ mi nínú ìwé kíláàsì?"

"Orúkọ kẹ̀? Táksí dà?"

"Táksí wo? Níbí, dúrọ́ọ̀pù ni kéèyàn fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀! Tó bá di aago kan, wọ́n á fún ẹlòmíì láyè mi!"

Ká má parọ́, inú Wosilat dùn díẹ̀. Tó bá kàn dákẹ́, aago kan á kọjá. Ọmọ á sùn, á jẹun, á wá ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Àmọ́ ó wo ojú Hameedat, ó sì ṣẹ́rí padà sí ọ́fíìsì.

"Madam! No drop! Cancel drop! She go trek!"

Obìnrin náà wò wọ́n títí, ẹ̀rín pa á. Ó fa ìwé náà ya.

Níta, Hameedat tẹrí ba. "Mọ́mì, èmi náà ti ń rò ó láti fi í sílẹ̀. Ohun tí mò ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mi ò rí orúkọ mi mọ́ nínú ìwé kíláàsì, ó dà bíi kí n bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ."

Wosilat fojú wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé kí n wá máa yọ orúkọ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni?"