Ihò Mẹ́ta Tí Kò Sun Omi

"Merritt, lọ mu kọfí rẹ kó tó tutù." Ohun tí Thelma sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo lọ. Mo mu ún. Nígbà tí mo fi máa padà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì... Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ta ló ń jókòó mu kọfí nígbà tí aya rẹ̀ ń kú?

Ọ̀sán ti ń pọ́n. Ìkùukùu ń rìn láàárín àwọn igi mépù tí a máa ń lu ihò sí lára gba omi dídùn wọn, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo tẹ́tí. Kò sí ìró omi tó ń kán, tó, tó, tó. Ihò mẹ́ta ni mo lu láàárọ̀, mo gbé korobá kọ́ sí wọn lẹ́nu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbẹ. Bẹ́ẹ̀, omi dì lóru àná, ó sì yọ́ láàárọ̀ yìí. Ojú ọjọ́ tí omi dídùn inú igi ń fẹ́ gan-an nìyí.

Mo ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn: bí ọ̀kan péré bá sun, n ó dúró nínú ilé yìí. Bí kò bá sun, n ó pe Corinne kó wá mú mi lọ sí ìlú ńlá. Ọmọ mi ò sinmi lórí fóònù. "Dádì, ẹ̀yin nìkan nínú ilé yẹn? Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?" Mo ní n kò bẹ̀rù. Irọ́ ni. Ìṣubú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Kí n ké pe Ọlọ́run, kí ilé dákẹ́... ìyẹn gan-an —

Ó dáa. Ọlọ́run ti dáhùn. Ó gbẹ.

Orrin, ará ìsàlẹ̀ òkè, yọrí nínú mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Àgbàyà, ṣé o ń lu igi ni àbí o ń bẹ̀ ẹ́? Tèmi ti ń kún o!" Òkè kan náà. Oòrùn kan náà. Ṣé èmi nìkan ni Ọlọ́run wá kọ̀...

Mo fọwọ́ ra èèpo igi. Ihò mi rèé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀... kí nìyí? Àpá. Ihò èṣí, ó ti ń dijú. Kò ju ìbú ìka kan lọ sí ihò tuntun. Mo wo igi kejì. Bákan náà. Ẹ̀kẹta. Lẹ́búlẹ́bú igi tó dà sórí yìnyín pọ́n bí ìpẹtà. Funfun ló yẹ kó jẹ́. Áà, Merritt! Ọmọdé ibí mọ̀ pé ara igi tó yí àpá ká ti kú. Thelma ló máa ń fìka hàn mí. "Kúrò lójú egbò, jàre." Èmi a kàn lu ú.

Igi ò gbẹ. Ibi tí mo ń lu ló gbẹ.

Láti oṣù kẹwàá tí Thelma ti kú... ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan ni mo ti ń wá Ọlọ́run. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Mo ń lu ú, mo ń lu ú, mo ní Ọlọ́run kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ń fa omi gòkè láti gbòǹgbò. Ó ń gòkè báyìí, lẹ́yìn èèpo yìí, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò rí i. Olúwa, n kò ní dán Ọ wò mọ́. N ó dúró.

N kò tíì lu ihò mìíràn wò bóyá yóò sun. N kò tíì pe Corinne sọ fún un. N kò tíì la igi ìdáná. N kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò tíì ká ẹ̀wù Thelma kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tíì sunkún.