Ohun Tó Gbé Màríàm Kúrò Nílé

Ní gbogbo ọdún tí Lásúnkànmí fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò ṣáná sí mọ́tò rí láìmọ ibi tó ń lọ. Bó bá di kòkó ní Ìpòtì, Ìbàdàn ló ń gbé e lọ. Bó bá kó iṣu ní Àrámọkọ, àwọn tó fẹ́ rà á ti ń dúró dè é l'Ádó. Ọmọ Ìrágbìjí ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbé e dé Ìjerò nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Bísí, ọmọ onílùú, tó bí Màríàm fún un. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, ó gbà pé òun ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìrìn àjò. Àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é wá sí Ìlú Ọba.

Nọ́ọ̀sì ni Màríàm ní Mánṣẹ́sítà. Túnjí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Ayọ̀bọ́lá, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Lásúnkànmí ti rò ó pé òun á jókòó sílé ọmọ òun, òun á máa wo tẹlifíṣọ̀n, òun á sì máa bá ọmọ ọmọ òun ṣeré. Kò ju pé ó sinmi àárẹ̀ ọkọ̀ òfurufú lọ tí wọ́n fi kó ìkòkò, gààrí, súwẹ́tà àti bàtà òjò sínú mọ́tò, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tó di ọ̀nà.

"Níbo là ń lọ?" ni Lásúnkànmí béèrè láti ẹ̀yìn mọ́tò.

"Àwọn abúlé ni, Bàbá," ni Túnjí dá a lóhùn. "A ó máa rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá wù wá, a ó yá ilé síbẹ̀, a ó lo bí ọ̀sẹ̀ kan, ká tó sún síwájú."

"Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, sà."

Lásúnkànmí wo ẹ̀yìn orí àna rẹ̀ títí. Ẹni tó nílé tó dára, tí omi ń yọ níbẹ̀ nígbà gbogbo, tí iná kì í kú, tó wá fi ilé sílẹ̀ lọ yá ilé ní abúlé tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Abúlé àkọ́kọ́ ní orúkọ tí ahọ́n rẹ̀ kò lè gbé. Àwọn òkè rẹ̀ mú un rántí Ẹ̀fọ̀n, àyàfi pé igi ò sí lórí wọn. Koríko lásán ni, bí ẹni pé ẹnì kan ti fá wọn lórí. Ògiri òkúta ló pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Àgùntàn kún ibẹ̀ bíi yanrìn, kò sì rí darandaran kankan. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé láàárọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á gba inú oko olóko kọjá, wọ́n á gun òkè lọ. Bí wọ́n bá dókè tán, wọ́n á dúró, wọ́n á wo iwájú, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Ìkògòsì, ó kéré tán, omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé ara wọn ni wọ́n ń lọ wò. Kí la wá wò níhìn-ín? Òyìnbó arúgbó tó di ọ̀pá mú, tó fa ajá lọ́wọ́, á pàdé wọn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kí wọn, á kọjá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá nínú oko òun.

Nígbà tó ṣe, ó pe Túnjí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, má bínú. Kí ni ìdí ìrìn yìí gan-an?"

"Nítorí Ayọ̀bọ́lá ni, Bàbá. Kó lè mọ koríko, kó mọ ẹranko. Inú ilé ló ń wà ṣáá."

Lọ́jọ́ kejì, ó bi Màríàm ní ìbéèrè kan náà. Ó ń fọ abọ́, kò yíjú padà. "Nítorí yín ni, Bàbá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù láyé yín. Ẹ sinmi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé abúlé mìíràn, Túnjí ń bá obìnrin tó ni ilé tí wọ́n yá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì inú gárèèjì ni Lásúnkànmí gbọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti fi gbọ́ pé Túnjí ń sọ pé ìyàwó òun ló nílò ìsinmi. Obìnrin náà di Túnjí lọ́wọ́ mú, ó mi orí bíi ẹni tó ń báni kẹ́dùn.

Ìdí mẹ́ta fún ìrìn kan. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìdí mẹ́ta, Lásúnkànmí wí nínú ara rẹ̀, kò tíì ní ìdí kankan. Àbí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni? Àbí ọlọ́pàá ló ń wá wọn? Àbí tọkọtaya ń jà, wọ́n fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń wá bí wọ́n á ṣe sọ ọ́ fún òun? Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó rí kò jọ ìjà. Ṣe ni Túnjí ń gbé Màríàm gẹ̀gẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Màríàm náà á dá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí wọ́n bá pè é á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dé ojú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Màríàm ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde tí Lásúnkànmí rí i pé ó fi kóòtù sílẹ̀ lórí àga. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń rìn láìwọ kóòtù. Ó gbé e, ó tẹ̀ lé e.

Kò rìn jìnnà tí ọ̀nà fi pín. Ó yà sọ́tùn-ún, ó gun àkàsọ̀ kékeré kan fo ògiri, ó bọ́ sínú oko. Ó tún fo òmíràn, ó bọ́ sínú oko tó jọ èyí tó ti wá gẹ́lẹ́. Ó wẹ̀yìn, kò rí òrùlé ilé wọn mọ́. Àwọn àgùntàn gbójú sókè wò ó. Òun tó lè fi ojú dídì wa ọkọ̀ láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú gbogbo kọ́nà ibẹ̀, ó sọnù sínú koríko. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rín sì tún ń pa á. Òyìnbó kan tó ń kọjá rí kóòtù obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ń sin òkú sí. Níbẹ̀ ló ti rí Màríàm. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù níwájú òkúta kékeré kan tí èhù ti bò, ó ń sunkún.

Lásúnkànmí sún mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ òkúta náà, ó ka ìwọ̀nba tó lè kà. Ọmọ ọwọ́ ni, ọmọ òyìnbó, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá Lásúnkànmí pàápàá. Ó rò pé orí ọmọ òun ti dàrú.

"Màríàm, ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ń sunkún rẹ̀?"

Màríàm fi ọwọ́ kan òkúta náà. "Ẹ wò ó, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Tèmi ò lórúkọ."

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, oyún tí wọn kò sọ fún bàbá rẹ̀ ti pé, wọ́n ti kun yàrá ọmọ, ni ọkàn ọmọ náà dákẹ́ nínú rẹ̀. Ó bí i, obìnrin ni, kò ké. Láti ìgbà náà, kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjá. Òun àti Túnjí gba lífù níbi iṣẹ́, wọ́n ní káwọn kúrò nílé náà fún ìgbà díẹ̀, káwọn máa rìn títí ara yóò fi rọ̀.

Lásúnkànmí kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Nílé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ní òkúta. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ ló wá sí i lẹ́nu, ó sì sọ ọ́. "Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Bó ti sọ ọ́ tán ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tù ú nínú.

"Kì í ṣe omi, Bàbá," ni Màríàm wí pẹ̀lẹ́. "Mo rí ojú rẹ̀. Ó jọ yín."

Lásúnkànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó gbé kóòtù lé e léjìká. Màríàm ló mú un padà sílé, nítorí òun kò mọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe Bísí lórí fóònù. "Ìyá Màríàm, ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ?"

Lóhùn-ún, ó gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá níwájú ilé wọn n'Íjerò. Bísí dá a lóhùn. "Mo gbọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ náà ni." Àwọn ará Ìjerò kì í fi "ẹ" pe àgbà, Bísí kò sì fi pe ọkọ rẹ̀ rí. "Bàbá Màríàm, èmi ni mo ní kó ránṣẹ́ pè ọ́. Orúnkún mi ni kò jẹ́ kí n lọ fúnra mi."

"O wá fi pa mọ́ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, wàá ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. O ò ní kúrò ní ulé."

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí irọ́ wà nínú ohun tó wí. "Kí ni kí n wá ṣe fún un?"

"Èmi náà ò mọ̀," ni Bísí wí. "Ṣáà wà níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Màríàm bá ń lọ na ẹsẹ̀, òun náà á wọ bàtà òjò. Nígbà mìíràn wọ́n á rìn lọ rìn bọ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn Màríàm á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, á dá a dúró lágbedeméjì, òun ò sì mọ̀ bóyá kí òun ní kó parí rẹ̀ tàbí kí òun dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sórí ògiri òkúta, Màríàm bi í léèrè. "Bàbá, kí lẹ̀ bá sọ ọ́, ká ní ó wà láyé?"

Ìbéèrè náà gbà á lọ́kàn. Àwọn àgbà Ìrágbìjí ní a kì í sọ ọmọ tí kò ké lórúkọ. Ó sì rántí pé Àfáà kan n'Íjerò ti wàásù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ṣùgbọ́n kò rántí bóyá ó ní kí á sọ ọ́ ni tàbí kí á má sọ ọ́. "Jẹ́ kí n rò ó," ló wí.

Ó rò ó títí wọ́n fi ṣí lọ sí abúlé mìíràn. Ó rò ó dé ibi pé ó bu iyọ̀ sínú tíì rẹ̀, ó sì mu ún tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo wọn jókòó ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti pinnu.

"Ìbíjọkẹ́," ló wí. "Orúkọ ìyá mi ni."

Túnjí gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Màríàm pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, ó tún un pè.

"Ta ni Ìbíjọkẹ́?" ni Ayọ̀bọ́lá béèrè.

"Àbúrò rẹ ni," ni Màríàm dá a lóhùn. Ó dìde, ó jáde sínú òjò. Túnjí tẹ̀ lé e. Láti ojú fèrèsé, Lásúnkànmí ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n di ara wọn mú. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì mọ̀ bóyá òun tún nǹkan ṣe ni tàbí òun bà á jẹ́.

Ewé igi ti ń pọ́n nígbà tí wọ́n padà sí Mánṣẹ́sítà. Màríàm fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó wọlé, ó ṣí fèrèsé, ó sì bi bàbá rẹ̀ bóyá ó lè máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi padà sílé.

Àwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n ni wọ́n kun ara ògiri. Lásúnkànmí gbé àpótí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kí ìrun ọ̀sán. Nígbà tó kí i tán, ó fẹ́ ṣe àdúà fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò mọ irú àdúà tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò mí èémí kankan rí. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó dárúkọ Ìbíjọkẹ́, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.