Kọ̀ǹpútà Tíṣà Ọládépò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò lò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1988, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tíṣà jọ́gíráfì ni. Kó tó lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìgbà tó dé, kò lè mu omi mọ́ láìsọ bí wọ́n ṣe ń mu ún lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà ló wá kó sí i lórí jù. Ó ní ọ̀lẹ ló ń ra odidi. Ẹni tó lajú, ńṣe ló ń ṣa ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tò ó fúnra rẹ̀.

Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún un ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan tó kógbá sílé ní Èkó ló ta àlòkù kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n sì ti kó díẹ̀ wá síbẹ̀. Ọládépò wọ kóòtù, ó wọkọ̀. Obìnrin kan ló bá níbẹ̀, tó ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ inú rédíò.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn o."

"Ọ̀gá ńkọ́?"

"Èmi ni, sà. Marufat ni wọ́n ń pè mí."

"Mo ní ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù."

"Bàbá mi ló ni ín. Wọ́n ti kú láti ọdún mẹ́ta. Kí lẹ fẹ́, sà?"

Ọládépò wo ẹ̀yìn obìnrin náà, bóyá ọkùnrin kan á ṣì jáde. Kò sẹ́ni tó jáde.

Marufat tẹ́ ẹní, ó to ẹrù sílẹ̀: bọ́ọ̀dù tí gbogbo rẹ̀ máa jókòó lé, mẹ́mìrì tó ń bá a rántí nǹkan, dúdú wẹ́wẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bí ọ̀kùn, kíbọ́ọ̀dù. Bó ṣe ń ṣàlàyé, Ọládépò ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àpótí irin méjì ló wà. Marufat ní kékeré ló bá bọ́ọ̀dù mu. Ńlá ni Ọládépò gbé.

"Kí àlejò lè rí i," ó ní.

Ó tún mú ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ Marufat ti sọ pé bọ́ọ̀dù náà ò ní bá a ṣiṣẹ́. Ó wá ku páwà, àpótí kékeré tó ń fún gbogbo rẹ̀ níná. Méjì lòun náà: ọ̀kan wúwo, ó ti dógùn-ún, èkejì ń dán bí ọkọ̀ tuntun.

"Ẹ má mú èyí tó ń dán yẹn, sà. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ ògiri níbí, á bú."

"Arábìnrin, kọ̀ǹpútà là ń sọ, kì í ṣe rédíò. Ìwé mélòó lo kà?"

"Mẹ́fà, sà."

Ọládépò rẹ́rìn-ín. Ó mú èyí tó ń dán.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi tò ó ní pálọ̀. Àpótí ọ̀hún tóbi débi pé okùn ló fi so bọ́ọ̀dù mọ́ inú rẹ̀. Títílọlá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kó ránṣẹ́ sí obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn kó wá bá a wò ó.

"Kó wá wo kí ni?" ni ọkọ rẹ̀ fi dá a lóhùn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó pe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọn, ó pe Kátíkíìsì Mátíù, ó sì pe Alfa Akóredé tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ó sọ̀rọ̀ títí mínírà fi gbóná lọ́wọ́ wọn.

"Lónìí," ó ní, "Ọ̀yọ́ bọ́ sínú ọ̀rúndún tó ń bọ̀!"

Kátíkíìsì gbàdúrà, Alfa gbàdúrà, Ọládépò tan iná.

Ó bú gbàà! Iná ṣẹ́ yọ, èéfín bo pálọ̀. Ọ̀gá àgbà, tí kì í yára fún ohunkóhun, ti dé ìta kí èéfín tó kan àjà. Kátíkíìsì àti Alfa há sẹ́nu ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó gbà kí èkejì ṣáájú. Títílọlá nìkan ló rántí fa wáyà kúrò lára ògiri.

"Tíṣà," Alfa pariwo láti ìta, "ṣé ọ̀rúndún ọ̀hún la dé yẹn?"

Ọládépò ní àwọn oníná ló ta iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè, ó sọ ọ́ fún ẹni tí ò bèèrè. Ṣùgbọ́n ó kúkú mọ ohun tí obìnrin yẹn wí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e lọ sí Ọjà Igbó. Marufat tú u, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Páwà nìkan ló kú, sà. Èyí tó kù ṣì ń mí. Tẹ́ ẹ bá lè wá ní Sátidé mẹ́ta, a ó jọ tò ó, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ ọ́n tò."

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Ọládépò.

"Èmi? Kí n wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ?"

"Mo máa ń nù ún dáadáa, sà."

"Máa kó o. Ìdọ̀tí ni!"

Marufat kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Kí ọdún tó parí, Marufat ti fi páwà tó wúwo yẹn sí i, ó ti fi ojú tó bá bọ́ọ̀dù mu rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó ti kó o sínú àpótí kékeré, ó ti so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Àwọn ilé-ìwé láti Ìkòyí-Ilé ń kó ìbéèrè ìdánwò wá kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Òkìkí rẹ̀ dé etí ọ̀gá àgbà ní Ọ̀yọ́, ó sì ń wá ẹni tó máa rán.

"Ọládépò," ó ní, "ìwọ ṣáà lo mọ kọ̀ǹpútà."

Bó ṣe di pé Ọládépò jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà nìyẹn, tí Marufat ń tẹ ìbéèrè jọ́gíráfì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tó yá, Marufat dáwọ́ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Níbi ìbéèrè kẹrin, ṣé aṣálẹ̀ lẹ fẹ́ kọ?"

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"S méjì lẹ kọ sí "desert". Mo wò ó nínú díkíṣọ́nárì. Oníyanrìn, S kan ni. Oníméjì yìí, nǹkan dídùn tí òyìnbó ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ni."

Ojú Ọládépò pọ́n.

"Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀."

"Ó ti yá, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà ṣe dé iwájú gbogbo kíláàsì SS2: kí wọ́n dárúkọ "dessert" mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bushrah kọ kéèkì, bisikíìtì àti áísíkíríìmù. Ọládépò fún un ní òdo. Ọ̀gá àgbà ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún ọmọ náà ní máàkì pípé.