Rárá Ni Mo Kọ

Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Orúkọ tí ìjà sọ mí ní ilé ìkàwé ìlú ni Kò-Kúnjú-Ìwọ̀n. Èmi ni mò ń ra ọjà níbẹ̀: ìwé, àga, bébà, gílóòbù iná, títí dórí ọṣẹ ìfọwọ́. Ẹni tó bá kó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì wá, màá ní kó gbé e padà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bùn wá sórí tábìlì mi, màá pariwo dé títì kí gbogbo ayé lè rí ohun tó gbé wá. Àwọn ọlọ́jà kórìíra mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn wọn. Owó ará ìlú la fi ń rajà, ọmọ ará ìlú ló máa jókòó lórí àga yẹn. Bí inú ẹnikẹ́ni ò bá dùn sí i, kó lọ forí sọ ògiri.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a fẹ́ ra pẹpẹ ìwé sí yàrá àwọn ọmọdé, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ já lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọlọ́run ló yọ wá, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Kí n tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á ní pọ́ọ́kú, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi àtè tẹ̀ pọ̀ sì ni wọ́n rà. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lásìkò tèmi. Ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan máa gbé pẹpẹ kan wá fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé igi tó lò kì í ṣe igi olè, àti pé kò rẹ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jẹ. A ó kó ìwé tó wúwo sórí pẹpẹ náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, màá na òwú lẹ́nu pákó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, màá wo bó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ, kó máa bá olówó rẹ̀ lọ sílé.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà. Èmi tí mò ń rajà á kọ tèmi, ọlọ́jà á kọ tirẹ̀, á sì fi í sínú àpòòwé tí a kì í tú títí a ó fi mọ ẹni tó mókè. Ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀: ǹjẹ́ ẹ bára yín tan? Ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Bí èmi ni mo kọ ọ́, màá kàn jáde nínú yàrá ni, ẹlòmíì á na òwú náà. Àmọ́ bí ohun tí a kọ bá ta ko ara wọn, pẹpẹ ọlọ́jà yẹn bọ́ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo gbé òfin náà kalẹ̀, mo sì fi yangàn fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn ọlọ́jà mẹ́ta wá fún mi, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ìkejì. Ìyá kan, bàbá kan. Káfíńtà ni, bíi bàbá wa. A ò bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Oṣù márùn-ún gbáko ni bàbá wa fi dùbúlẹ̀ àìsàn nínú yàrá mi. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ò yọjú. Ọjọ́ kejì tí a sin ín ló dé. Kò bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é, ó ní níbo ni ayùn bàbá wà. Ọjọ́ náà ni mo ti pa á rẹ́ lọ́kàn mi. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè yẹn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹbí kẹ̀? Ẹbí wo? Rárá ni mo kọ, mo sì fi bírò fàlà sí i nídìí.

Ọjọ́ Ajé ló gbé pẹpẹ tirẹ̀ wá. Kò yẹ kí n wà nínú ilé ẹrù lásìkò yẹn, bébà ni mo wá mú. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Àbúrò mi," ó ní.

"Ta ni àbúrò yín? Mi ò mọ̀ yín rí."

Olùtọ́jú ilé ẹrù, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, wò mí, ó wò ó. Imú kan náà ló wà lójú àwa méjèèjì.

"Ó dáa, máa bínú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mi ò ní kó o bá mi ṣe màgòmágó. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni. Èèyàn mẹ́rin ló kù tó ń bá mi ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló lọ́mọ nílé. Tí iṣẹ́ yìí bá fi lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù pa níparí oṣù."

"Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ayùn tẹ́ ẹ wá mú."

"O ò tíì gbàgbé."

"Ẹ gbé ọjà yín kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Pẹpẹ àkọ́kọ́ ṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ̀kẹta, tí ọlọ́jà kan tí à ń pè ní Bàtà-Ń-Dán gbé wá, tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ku bín-ín-tín kó pé ìbú ìka. Ẹ̀kejì ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ká sòótọ́, mo fẹ́ kó tẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń lọ wò ó bí ẹni ń ṣọ́ olè. Lọ́jọ́ keje, mo tún fi ìwé atúmọ̀-èdè ńlá mẹ́ta lé e lórí, èyí tí mi ò fi lé ti ẹnikẹ́ni. Kò mì. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo na òwú, òwú àti pákó lẹ̀ mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Mo fọwọ́ pa etí rẹ̀ yí ká, igi kankan ò gún mi. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo fún un ní máàkì tó pé. Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ìkórìíra mi ò tíì dé ibi tí màá ti jẹ́ kí pákó wó lu ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ tí a pe gbogbo ọlọ́jà jọ, ọ̀gá wa dìde, ó ní nọ́ńbà kejì ló mókè, ó sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Bàtà-Ń-Dán fò dìde.

"Ẹ dúró ná! Ẹ ò rí imú wọn ni? Ìyá kan náà ló bí wọn! Àdúgbò kan náà la jọ dàgbà sí!"

Olùyẹ̀wò tí ìjọba rán wá mú fọ́ọ̀mù mi jáde, ó kà á sókè: "Rárá." Ó wá tú àpòòwé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ka tirẹ̀ náà sókè: "Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi ló ń rajà níbẹ̀. Olóòótọ́ ni, kò ní ṣojúsàájú fún mi."

Mo dìde.

"Èmi ni mo jẹ̀bi!" mo ké. "Òwú ò mọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì nà án báyìí, níṣojú gbogbo wa!"

"Òfin ta ni òfin yẹn?" ọ̀gá wa bi mí. Ó pẹ́ tó ti ń wá ọjọ́ tí yóò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Òfin mi ni, sà."

"Kí ló wí?"

Olùyẹ̀wò yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ó lè pẹjọ́, kó fẹ̀rí hàn pé irọ́ ni ohun tí mo kọ, kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ó ní ó máa gbà tó oṣù mẹ́ta.

"Oṣù mẹ́ta?" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé nígbà yẹn." Ó wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Rárá tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ó mọ ohun tó kọ."

Bí Bàtà-Ń-Dán ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ẹrù. Ó di ìpẹ̀kun pẹpẹ rẹ̀ kan mú, mo sáré di ìkejì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó rọra gbé ìpẹ̀kun tirẹ̀ kalẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dúró títí olùtọ́jú ilé ẹrù fi wọlé, ó wá bẹ obìnrin náà pé kó bá òun gbé e. Èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá.